Wíwọlé Yàtọ̀ sí Bíbámu

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, àmọ́ iye ọkọ̀ tó ti bà jẹ́ kò lóǹkà: "Ó máa wọlé." Bí bọ́ọ̀sì yín bá forí sọ nǹkan, tí ẹ wọ́ ọ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀, yálà ní Mushin tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Ẹ ní ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé wá yìí, ara Kọ́ḿbì 1981 ni wọ́n ti tú u, pé 1987 ni ti yín. Wẹ́dà á rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Volkswagen kan náà ni? Ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa wọlé." Dẹ́rẹ́bà tó jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń ta páàtì á ní òun náà ti rí i bẹ́ẹ̀ rí. Kí ẹ tó yanu, wọ́n ti tan iná gáàsì.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pè ní "wọlé" ná. Bàtà ẹlòmíràn lè wọ ẹsẹ̀ ẹni, kí ó sì máa ha ni ní gìgísẹ̀ títí dé ilé. Ó wọlé, kò bá a mu. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin onímọ́tò sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ọdún ọkọ̀ yín, tí ilé iṣẹ́ kò sì ṣe fún ọdún ọkọ̀ yín, kò yẹ kó dé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu wọn bó ṣe yẹ, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpè. Wọ́n ní ọkọ̀ wọ̀nyí ti dàgbà, ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti pa iṣẹ́ wọn tì tipẹ́, ẹni tó bá ní òun ń dúró de páàtì tuntun, ọkọ̀ rẹ̀ á hu koríko. Wọ́n ní orúkọ kan náà ni ọkọ̀ ń jẹ́ láti ọdún dé ọdún, pé ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ a máa gbé páàtì ọdún èṣí sára ọkọ̀ tọdún yìí. Wọ́n ní irin ni irin ń jẹ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ á gé e, á tẹ̀ ẹ́, á jó o pọ̀, àti pé ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ á di ọṣẹ. Wọ́n ní owó dáńfó òní ni a fi ń jẹun òní. Wọ́n á wá fi èyí tí wọ́n gbà pé ó lágbára jù lọ kádìí rẹ̀: ẹ wo títì, ṣé kì í ṣe àwọn ọkọ̀ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń kó èrò láti àárọ̀ dalẹ́?

Ẹjọ́ wọn nìyẹn, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ níbẹ̀. Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tú u.

Orúkọ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1950 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Transporter, tí àwa ń pè ní Kọ́ḿbì, ní Wolfsburg ní Jámánì, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì pín sí méjì. Ní 1967, ìran kejì dé, gíláàsì iwájú di ẹyọ kan. Ìran kẹta dé ní 1979, òun ni onígun mẹ́rin tí Èkó kùn ní yẹ́lò tó di dáńfó. Ó fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà 10 fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìkẹrin dé ní 1990, ẹ́ńjìnnì tó ń bẹ lẹ́yìn láti ogójì ọdún sì bọ́ sí iwájú. Transporter ni gbogbo wọn. Bí Àjàyí mẹ́rin bá wà nínú agbo ilé kan, ṣé aṣọ tí a dá fún ọ̀kan ni a ó fà wọ mẹ́ta tó kù lọ́rùn, nítorí pé Àjàyí ni wọ́n?

Wọ́n á ní àwọn mọ ìyẹn, pé inú ìran kan náà ni àwọn ti ń pààrọ̀ ní tiwọn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn náà ti jinlẹ̀ jù. Ẹ gbé Kọ́ḿbì 1970 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1975, ìran kejì ni méjèèjì. Tíráfíkétọ̀ iwájú ti 1970 wà nísàlẹ̀ lábẹ́ iná ńlá. Ti 1975 ti gun òkè, ó ti lọ bá ojú afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ gíláàsì. Bọ́ńpà ti 1970 ká wọ ẹ̀gbẹ́, ó sì ní ibi tí èrò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ gòkè. Ti 1975 kò ní i. Iná ẹ̀yìn ti 1970 kéré, ti 1975 ga gogoro, nítorí náà ihò tí ó jókòó sí lára irin kì í ṣe ihò kan náà. Ṣé ẹwà ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi yí gbogbo èyí padà? Rárá o. Nígbà tí wọ́n tún iwájú ọkọ̀ náà ṣe fún model 1973, wọ́n to irin rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi máa wó díẹ̀díẹ̀ bí ó bá kọlu nǹkan, kí agbára ìkọlù náà lè tán lára irin kó tó dé orúnkún awakọ̀. Ẹ rántí pé kò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú ọkọ̀ yìí. Irin pẹlẹbẹ yẹn ni, ẹsẹ̀ ènìyàn ló kàn. Ẹni tó wá gé iwájú 1970 tó jó o mọ́ Kọ́ḿbì 1975, tíráfíkétọ̀ tó sún sísàlẹ̀ nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ tó mú wá. Ó ti mú ohun tí wọ́n fi ṣọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ kúrò, kò sì sọ fún awakọ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹnu lásán ka ọdún ọkọ̀ kò mọ̀. Oṣù Kìíní kọ́ ni ọdún Volkswagen ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ìsinmi ilé iṣẹ́ wọn, láti oṣù Kẹjọ lọ, ọkọ̀ tó bá jáde ti di ti ọdún tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù Karùn-ún 1972 àti èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹsàn-án 1972, ọdún kan náà ni ẹnu ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú wọn kò jọra. Bí oṣù mẹ́rin bá lè ya ọkọ̀ méjì sọ́tọ̀ báyìí, kí ni a ó ti wí nípa ọdún mẹ́fà?

Ojú mi ló ṣe èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Bùrọ̀dá mi ní Kọ́ḿbì ìran kẹta kan, 1986, tó fi ń gbé búrẹ́dì láti Ìbàdàn lọ sí Ṣàgámù. Tirela kan ń fi ẹ̀yìn rìn, ó sì tẹ iwájú rẹ̀ wọnú. Wẹ́dà wá orí ọkọ̀ 1981 kan rí tí wọ́n ti gé láti abẹ́ gíláàsì dé ilẹ̀, irin rẹ̀ mọ́, kò dípẹtà. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo fọwọ́ lù ú, mo ní ó dára.

Ohun tí àwa méjèèjì kò rò ni pé Kọ́ḿbì 1981 yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò ní rédíétọ̀. Nítorí náà, láti abẹ́ iná iwájú rẹ̀ dé bọ́ńpà, irin gbalaja ni, kò sí ojú afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀. Model 1983 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tu ẹ́ńjìnnì epo bẹtiróòlù ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, rédíétọ̀ sì lọ dúró síwájú pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ojú afẹ́fẹ́ kejì fi wà lábẹ́ iná ti 1986: kí atẹ́gùn lè ráyè dé ara rédíétọ̀. Wẹ́dà wa fi iná jó ihò mẹ́rin sára irin gbalaja yẹn, ihò tí ọwọ́ mi kò lè wọ̀. Ibi tí a ó ti fi bóòtù de rédíétọ̀ kò sí lára orí 1981, ó sì fi wáyà so ó. Ó fi fílà dí ojú ibi tó jó, ó fi sáńpépà ha á, ó kùn ún. Bí ẹ bá rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ó ní tuntun ni.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Ògèrè tí abẹ́rẹ́ ooru fi gùn dé òkè. Bùrọ̀dá mi dúró, ó bu omi sí i, ó tún gbéra. Ìgbà kẹta tó ṣe bẹ́ẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì jó, tọ́ọ̀pù sìlíńdà sì tẹ̀. Búrẹ́dì wà nínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di ọjọ́ kejì nínú oòrùn. Nígbà tí mo padà lọ bá wẹ́dà náà, kò bínú, kò sì parọ́. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò wọlé ni?"

Ó wọlé. Mi ò lè sọ pé kò wọlé.

Wọ́n ní ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ á di ọṣẹ. Òótọ́ ni òwe yẹn níbi tí àwọn àgbà pa á sí, àmọ́ irin kì í ṣe ewé. Tirela ní ṣéésì. Bí ẹ bá ṣí orí rẹ̀ kúrò, ṣéésì náà á ṣì dá ẹrù gbé. Kọ́ḿbì kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Ilẹ̀, òpó, ẹ̀gbẹ́ àti òrùlé ló jọ ń gbé ẹrù, bí ọ̀kan bá dẹ̀, ìwúwo á wọ́ lọ sórí èkejì. Ní ilé iṣẹ́, etí irin kan ni wọ́n gbé gun etí èkejì, tí wọ́n fi iná tẹ̀ ẹ́ ní ojú kéékèèké, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí irin náà kò fi gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Lábẹ́ igi máńgòrò tí àwọn wẹ́dà wa ti ń ṣiṣẹ́, gáàsì kábáídì ni. Iná rẹ̀ a máa jó irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn títí á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á ká kò, òòlù á tẹ̀ ẹ́ padà, fílà á bo gbogbo rẹ̀. Inú ojú ìsopọ̀ náà kò rí ọ̀dà láé. Omi òjò àkọ́kọ́ tó bá wọ ibẹ̀, kò ní jáde mọ́. Kí ewé tó di ọṣẹ, ìpẹtà ti jẹ ẹ́.

Ẹ tún wo ilẹ̀kùn. Mo ti dúró wò ó tí wọ́n ń fi ilẹ̀kùn ọdún mìíràn wọ bọ́ọ̀sì kan. Lókè, àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti òpó gba ìka ọwọ́ mi. Nísàlẹ̀, bébà kò lè kọjá. Wọ́n gbé jáàkì sáàárín òpó méjì, wọ́n ń wà á kí òpó lè là sí i. Wọ́n fi pákó ti ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan fi èjìká tì í, ọ̀gá sì ń fi òòlù lu ìdè ilẹ̀kùn kí ó lè tẹ̀ síta. Nígbà tí ó dé, wọ́n patẹ́wọ́. Ó dé, àmọ́ àfi kí ẹ gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Rọ́bà tí ó yẹ kí ó dí omi kò kan ohunkóhun lókè. Òpó tí wọ́n fi jáàkì là yẹn ńkọ́? Òun ló di òrùlé mú. Àwọn èrò tó máa jókòó sí abẹ́ òrùlé yẹn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà láti rí i.

Èyí tó burú jù ni ti ilẹ̀kùn tó ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún sì ni èrò tiwa ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ní ìlú Ọba, òsì ni wọ́n ń wà, nítorí náà òsì ni ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ wọn. Bí ó ṣe tẹ̀, ibi tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà, apá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọjú sí, òsì ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lójú mi pé bí a bá tú inú rẹ̀, tí a sì yí i padà, ó máa wọlé. Ẹni tó bá ti wọ dáńfó rí mọ ohun tí ilẹ̀kùn yẹn jẹ́: kọ̀ńdọ́ rọ̀ mọ́ ọn, ọmọ ilé ìwé fara tì í, ọkọ̀ sì ń sáré lórí afárá. Ṣé ibẹ̀ ni a ó ti máa dán an wò?

Àwọn tó mọ ìtàn nínú wọn á mú Brazil wá. Òótọ́ ni. Láti 1976, Volkswagen ní Brazil gbé iwájú Kọ́ḿbì ìran kejì sára ẹ̀gbẹ́ Kọ́ḿbì ìran kìíní, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjì tó ń ṣí síta, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún kí ilẹ̀kùn tó ń yọ̀ tó dé ní 1997. Òpin ọdún 2013 ni wọ́n tó ṣíwọ́ Kọ́ḿbì pátápátá. Wọ́n ní bí ilé iṣẹ́ bá lè da ìran méjì pọ̀, kí ló dé tí àwa kò fi lè ṣe é? Mo bẹ̀ yín, ẹ wo bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Wọ́n wọn ìran méjèèjì, wọ́n ya irin tuntun fún ibi tí wọ́n ti pàdé, wọ́n ṣe ohun tí wọn yóò fi tẹ irin náà, èyí tí wọ́n ṣe ní òwúrọ̀ sì bá èyí tí wọ́n ṣe ní ìrọ̀lẹ́ mu. Wọn kò lo jáàkì àti pákó. Àpẹẹrẹ Brazil kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ rárá. Ohun tó fi hàn ni pé kí ìran méjì tó lè bára mu, ó gba gbogbo ilé iṣẹ́ kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tí mi ò jẹ́ fojú kékeré wò. Mo mọ ohun tí ọjọ́ kan láìṣiṣẹ́ ń ṣe fún ẹni tó ń dá owó fún olówó ọkọ̀. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò ti bùrọ̀dá mi: orí ọkọ̀, owó wẹ́dà, fílà àti ọ̀dà, gáskẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀pù sìlíńdà, owó ọkọ̀ tó wọ́ ọ wálé, búrẹ́dì tó bà jẹ́, àti iwájú 1986 tí a padà lọ rà ní ọjà Ládípọ̀ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ti 1981, tòkunbọ̀ náà ni ti 1986. A kò san owó páàtì tuntun láti ra èyí tó tọ́, a kàn rìn la ọjà kọjá fún wákàtí díẹ̀ sí i. Wákàtí yẹn ni a kọ̀ láti ná ní ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni "ó máa wọlé" wá bá fi owó pamọ́?

Wọ́n ní àwọn ọkọ̀ náà ń rìn lójú títì lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń rìn. Rírìn kọ́ ni a fi ń dán òpó ọkọ̀ wò, ọjọ́ ìkọlù ni. Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dára náà a máa gba àlejò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ Jámánì nìkan ni. Hummer bus, ìran Toyota Hiace tó kọ́kọ́ jáde ní 2004, ti wọnú àṣà yìí pẹ̀lú: wọ́n ń gbé ojú tuntun sára ti àtijọ́ kí ó lè dà bí ọmọdé. Ọ̀kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,695, òmíràn wà tó jẹ́ 1,880. Ìyàtọ̀ mílímítà 185 kì í ṣe ohun tí fílà ń dí.

Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti sọ èyí tó bára mu fún wa, kò sì sí ìdí láti máa méfò. Nínú ìran kẹta, gíláàsì iwájú Kọ́ḿbì 1979 wọ ti 1990, nítorí pé wọn kò yí i padà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Nọ́ńbà wà lára páàtì Volkswagen. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 211, ìran kìíní àti ìkejì ni wọ́n ṣe é fún. 251 jẹ́ ti ìkẹta, 701 jẹ́ ti ìkẹrin. Bí wọ́n bá yí páàtì náà padà láàárín ìran kan, lẹ́tà ìparí ló máa ń yí. Lára ọkọ̀ ìran kẹta fúnra rẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà ṣéésì dé ìkẹwàá: G ni 1986, H ni 1987, J ni 1988. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Wẹ́dà tó lè ka iye owó iṣẹ́ rẹ̀ lè ka lẹ́tà kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ni ọkọ̀, ọwọ́ yín ló kù sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan iná gáàsì kí ẹ tó ka nọ́ńbà ara páàtì àti lẹ́tà ìkẹwàá ara ọkọ̀ yín. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ dá páàtì náà padà fún ẹni tó tà á, bó ti wù kó mọ́ tó, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, bó ti wù kí dẹ́rẹ́bà tó wà lórí táyà sọ̀rọ̀ tó. Ilẹ̀kùn 1981 kì í ṣe ilẹ̀kùn 1987. Iwájú 1970 kì í ṣe iwájú 1975. Bí wẹ́dà bá sì sọ pé ó máa wọlé, ẹ dá a lóhùn pé ẹ kò bi í bóyá ó máa wọlé.